"Light" Lédè Fínlándì: Bí Ẹ Ṣe Lè Mọ Èyí Tó Yẹ Kí Ẹ Sọ

Ní ìgbà òtútù àkọ́kọ́ tí mo lò ní Fínlándì, iná lọ nílé mi lálẹ́ ọjọ́ kan. Fíríìjì dákẹ́, sítóòfù tutù, fóònù mi sì ti fẹ́ kú. Mo pe àwọn tó ń bójú tó ilé, mo sì sọ ohun tí gbogbo wa máa ń fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ní Nàìjíríà, pé kò sí "light". Èdè wọn ni mo fi sọ ọ́: "Ei ole valoa." Ọkùnrin tó gbé fóònù fi sùúrù dá mi lóhùn pé kí n lọ ra gílóòbù tuntun. Kò ṣì mí gbọ́. Ohun tí mo sọ fún un gan-an ni pé kò sí ìmọ́lẹ̀, ẹni tí kò sì ní ìmọ́lẹ̀ nílé, gílóòbù ló máa ń rà. "Sähköt ovat poikki" ló yẹ kí n sọ, ìyẹn ni pé iná mọ̀nàmọ́ná ti já.

Àpò ńlá ni "light" jẹ́ fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n kó ohun tó ń tàn, ohun tí kò wúwo, àwọ̀ tí kò dúdú àti iṣẹ́ títan iná sínú rẹ̀, wọ́n dì í pọ̀. Àwọn ará Fínlándì tú ẹrù náà sílẹ̀, wọ́n fún ọ̀kọ̀ọ̀kan lórúkọ tirẹ̀. Ohun tó dùn mọ́ mi jù lọ nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ èdè wọn ni pé Yorùbá náà ti tú u tipẹ́tipẹ́. Kò sí Yorùbá tó máa pe ẹrù tó fúyẹ́ ní ìmọ́lẹ̀. Nítorí náà, ọ̀nà tí mo fẹ́ fi hàn yín kò gba inú Gẹ̀ẹ́sì kọjá. Inú Yorùbá ló gbà.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ kọ gbólóhùn náà tán

Ẹ má fi "light" nìkan lọ sínú Google Translate tàbí ìwé atúmọ̀ èdè kankan. Bí ẹ bá tẹ ọ̀rọ̀ yẹn nìkan, "valo" ló sábà máa ń kọ́kọ́ jáde, ẹ ó sì rò pé ó parí síbẹ̀. Ẹ kọ odindi gbólóhùn tí ẹ fẹ́ sọ: ta ni, kí ló ń ṣe, nǹkan wo lẹ ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ míì bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ "light", bí àwọ̀ tàbí oúnjẹ tàbí ẹrù, ẹ fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó jókòó tì í yẹn ló máa ń sọ irú èyí tó jẹ́.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ sọ ọ́ ní Yorùbá kí ẹ tó sọ ọ́ ní Fínlándì

Ẹ sọ ọ́ jáde lẹ́nu bí ẹ ṣe máa sọ ọ́ fún ìyá yín. Bí ẹnu yín bá sọ pé "ìmọ́lẹ̀", "valo" lẹ ń wá. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ni auringonvalo, ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ni päivänvalo. Bí ẹnu yín bá sọ pé "fúyẹ́", "kevyt" ni. Bó bá jẹ́ àwọ̀ lẹ ń sọ, tí ẹ ní kò dúdú tàbí pé ó mọ́, "vaalea" ni. Bó bá jẹ́ "tan" tàbí "ṣáná sí", ọ̀rọ̀-ìṣe ni, "sytyttää". Bó bá jẹ́ yàrá tí ìmọ́lẹ̀ ń wọ̀ dáadáa, "valoisa".

Ẹ ó rí ọ̀rọ̀ valoisa yìí nínú ìpolówó ilé tí wọ́n fẹ́ yá èèyàn, wọn kì í sì í kọ ọ́ ṣeré. Nígbà tí ọ̀sán kúrú jù lọ ní oṣù Kejìlá, ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ní Helsinki kì í pé wákàtí mẹ́fà. Ní Utsjoki tó wà lókè pátápátá ní àríwá, oòrùn kì í yọ rárá fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méje. Kaamos ni wọ́n ń pe àsìkò yẹn. Àwọn èèyàn máa ń gbé àtùpà kan tí wọ́n ń pè ní kirkasvalolamppu sórí tábìlì láàárọ̀, wọ́n á jókòó síwájú rẹ̀ mu kọfí kí ara wọn lè jí. Bí wọ́n bá sọ fún yín pé ilé kan jẹ́ valoisa, ẹ lọ wò ó.

Bí Yorùbá kò bá tíì là á yé yín tán, ẹ bi ara yín pé kí ni òdìkejì rẹ̀. Òdìkejì kevyt ni painava tàbí raskas, ohun tó wúwo. Òdìkejì vaalea ni tumma, ohun tí àwọ̀ rẹ̀ dúdú. Òdìkejì valoisa ni pimeä, ibi tó ṣókùnkùn. Gẹ̀ẹ́sì pa tumma àti pimeä pọ̀ sójú kan, ṣùgbọ́n àwa kò pa wọ́n pọ̀. Òru kì í ṣe "dúdú" lẹ́nu wa, ó ṣókùnkùn ni, bẹ́ẹ̀ la kì í sì í sọ pé ìró kan ṣókùnkùn nígbà tó jẹ́ àwọ̀ aró rẹ̀ là ń sọ. Ibi tí mo ti rí i pé èdè méjèèjì rìn pọ̀ báyìí, ọkàn mi balẹ̀ sí èdè yìí.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ ṣọ́ra fún "iná"

Ibí ni Yorùbá gan-an ti ní àpò tirẹ̀, ibẹ̀ ni mo sì ti ṣubú lálẹ́ ọjọ́ tí mo sọ yẹn. "Iná" wa ni èyí tó ń jó igi, òun náà ni èyí tó ń tàn lókè àjà, òun náà sì ni èyí tí wáyà ń gbé wá. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni àwọn ará Fínlándì ní fún un, wọn kì í sì í fi ọ̀kan rọ́pò èkejì.

Bó bá jẹ́ ohun tó lè jó yín lọ́wọ́, tuli ni. Bó bá jẹ́ ohun tí ẹ fi ń ríran, valo ni. Bó bá jẹ́ ohun tí wọ́n ń fi bíìlì rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín, sähkö ni, bíìlì náà sì ni sähkölasku.

Nípa bẹ́ẹ̀, bí àwa ṣe ń pariwo pé "Wọ́n ti mú iná wá!", "Sähköt tulivat takaisin" ni tiwọn. Bí iná bá lọ, "sähköt ovat poikki" ni, ìdákú iná fúnra rẹ̀ sì ni sähkökatko. Kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni, ẹ yọjú wo fèrèsé. Bí ilé iwájú bá ń tàn, àfàìmọ̀ ni kì í ṣe fíùsì yín ló já. Sulake ni wọ́n ń pe fíùsì, inú àpótí kékeré kan tó sábà máa ń wà lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà ló máa ń wà. Bó bá sì jẹ́ gílóòbù kan ṣoṣo ló kú, tí fíríìjì ṣì ń kùn, "lamppu on palanut" ni kí ẹ sọ, pé gílóòbù ti jó.

Ẹ má fi tuli ṣeré lórí fóònù. Ẹni tó ń jẹ́ kí wọ́n gbọ́ pé iná wà nílé òun pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yẹn, panápaná ló ń pè. Bí ilé bá ń jó lóòótọ́, tulipalo ni ọ̀rọ̀ rẹ̀, nọ́ńbà tí ẹ ó pè sì ni 112. "Täällä on tulipalo" tó, lẹ́yìn náà ẹ sọ àdírẹ́sì. Kí gbogbo ọmọ ilé mọ gbólóhùn yìí lórí, àti ọmọdé àti àgbà.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣáná sí sìgá náà kì í béèrè valo. "Onko sulla tulta?" ló máa bi yín, ṣé iná wà lọ́wọ́ yín. Tuli yìí tún ní ìkejì kan tí ìró wọn jọra pátá, tí kò sì bá a tan: "tuli" láti inú ọ̀rọ̀-ìṣe tulla, tó túmọ̀ sí pé ẹnì kan wá. "Isä tuli kotiin" kì í ṣe ọ̀rọ̀ iná rárá, bàbá ló dé sílé. A mọ irú èyí, àwa tí ọkọ́, ọkọ̀ àti ọkọ ń gbénú èdè wa, àmọ́ àwa ní àmì ohùn tó ń yà wọ́n. Wọn kò ní i. Ipò tí ọ̀rọ̀ wà nínú gbólóhùn lẹ ó fi mọ̀ ọ́n.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ ya ẹni tó tan iná sọ́tọ̀ kúrò lára iná tó tàn

Yorùbá mọ̀ pé "iná kú" kì í ṣe "mo pa iná". Ẹ mú òye yẹn dání. "Valo sammui" ni pé iná kú fúnra rẹ̀. "Sammutin valon" ni pé èmi ni mo pa á. Bákan náà, "valo syttyi" ni pé iná tàn, "sytytin valon" ni pé mo tan iná. Ọ̀rọ̀ kúkúrú ni ti iná tó ṣe é fúnra rẹ̀, sammua àti syttyä. Ọ̀rọ̀ gígùn tó ní ttaa tàbí ttää nídìí ni ti èèyàn tó ṣe é, sammuttaa àti sytyttää. Bí ẹ bá ti mọ ìdí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ ó máa rí i kiri nínú èdè wọn lára àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe míì tó pọ̀.

Nínú ilé, lójoojúmọ́, kì í ṣe sytyttää nìkan ni wọ́n ń lò fún iná òkè àjà. Wọ́n tún máa ń sọ pé "Laita valot päälle", bí ẹ bá sì ń jáde, "laita valot pois". Bí iná bá ṣì ń tàn ní yàrá tí kò sẹ́nìkan, wọ́n á ní "valo palaa", bíi pé iná ń jó níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìgbà àtùpà ni, ó kàn kù sẹ́nu wọn.

Ibi tí sytyttää ti gbilẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àbẹ́là. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kejìlá, ọjọ́ òmìnira wọn láti ọdún 1917, ọ̀pọ̀ ilé ló máa ń tan àbẹ́là méjì sójú fèrèsé ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́: "sytytämme kaksi kynttilää". Ní pyhäinpäivä, ìyẹn ọjọ́ ìrántí àwọn ẹni mímọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá, wọ́n ń tan àbẹ́là sórí sàréè àwọn èèyàn wọn. Bí ẹ bá lọ síbẹ̀ lálẹ́, tí ẹ rí gbogbo iná wẹ́wẹ́ yẹn nínú òtútù, ẹ kò ní gbàgbé ọ̀rọ̀-ìṣe náà mọ́.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: kevyt àti vaalea ní ọjà

Ibi tí mo ti kọ́ méjèèjì papọ̀ ni iwájú fíríìjì mílíìkì ní súpámákẹ́ẹ̀tì. Kevytmaito ni mílíìkì tí ọ̀rá rẹ̀ jẹ́ ìdá 1.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Páálí búlúù ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Èyí tí kò ní ọ̀rá rárá, rasvaton, páálí búlúù tó mọ́ ló sábà máa ń ní, vaaleansininen. Èyí tí ọ̀rá rẹ̀ pé, täysmaito, wà nínú páálí pupa. Gẹ̀ẹ́sì á pe mílíìkì àkọ́kọ́ àti páálí ìkejì ní "light", ẹ sì rí i pé ọ̀kan jẹ́ ọ̀rọ̀ ohun tó wà nínú, ìkejì jẹ́ ọ̀rọ̀ àwọ̀ tó wà níta.

Kevyt máa ń lẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ míì. Kevyt takki ni kóòtù tí kò nípọn. Kevyt lounas ni oúnjẹ ọ̀sán tí kò ní wúwo níkùn. "Kevyin mielin" ni kí ọkàn ẹni fúyẹ́, bá a ṣe ń sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Ojú pátákó lójú ọ̀nà, tàbí nínú ìwé, ẹ lè rí kevyen liikenteen väylä, ọ̀nà àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn àti àwọn oníkẹ̀kẹ́. Èyí tó kan ọ̀pọ̀ àjèjì tó ń wáṣẹ́ jù lọ ni kevytyrittäjä. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ara rẹ̀ ni, àmọ́ tí kò dá iléeṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, iléeṣẹ́ míì ló ń bá a kọ ìwé owó sí oníbàárà. Kò sí ohun tó kan ìwọ̀n ibẹ̀. Ẹrù ìwé ló fúyẹ́ léjìká rẹ̀, ẹ sì ka àdéhùn náà dáadáa kí ẹ tó buwọ́ lù ú, nítorí ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́ tí wọ́n gbà síṣẹ́ kì í ṣe ẹ̀tọ́ kevytyrittäjä.

Ní ti vaalea, ẹ lè so ó mọ́ iwájú àwọ̀ kankan bí ẹ bá ti fi n sí i nídìí: vaaleanvihreä ni àwọ̀ ewé tó mọ́, vaaleanpunainen ni pinki. Vaalea leipä ni búrẹ́dì funfun, èyí tí kì í ṣe ruisleipä dúdú tí wọ́n fẹ́ràn jù.

Ibi kan wà tí Yorùbá lè ṣì wá lọ́nà níbí o. A máa ń pe ẹni tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́ ní ẹni pupa. Ẹ má gbé "pupa" yìí lọ sí punainen. Bí ẹ bá pe èèyàn ní punainen, wọ́n á rò pé oòrùn ti sun ún lára tàbí pé ojú ń tì í. Vaaleaihoinen ni ẹni tí àwọ̀ ara rẹ̀ mọ́, vaaleahiuksinen ni ẹni tí irun rẹ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni "dúdú" tiwa: musta ni dúdú kirikiri, tumma ni gbogbo èyí tó kù. Bẹ́ẹ̀ sì ni, lójú àwọn ará Fínlándì, èmi tí wọ́n ń pè ní pupa nílé, tumma ni mí.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ mọ àwọn tí kò sí nínú àpò kankan

Nígbà míì, ẹ ó wá valo tì, ẹ ó wá kevyt tì. Òjò winniwinni àti atẹ́gùn fẹ́ẹ́rẹ́, heikko ni wọ́n ń pè é lórí ìròyìn ojú ọjọ́, ìyẹn ni pé kò lágbára: heikko sade, heikkoa tuulta. Ìjìyà tí adájọ́ fi ṣàánú èèyàn ni lievä, lievä náà sì ni ibà tí kò le. Ẹni tí ìró díẹ̀ ti ń jí lójú oorun ni herkkäuninen. Àṣírí tó tú sí gbangba, tulla ilmi ni. Ilé gogoro tó ń tàn fún ọkọ̀ ojú omi ni majakka, mọ̀nàmọ́ná inú òjò sì ni salama.

Àpẹẹrẹ kan tí mo fẹ́ràn wà ní Helsinki. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023 ni wọ́n ṣí ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin ìgboro nọ́ńbà 15, láti Itäkeskus dé Keilaniemi ní Espoo. Lédè Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n fi "light" sí orúkọ irú ọkọ̀ yẹn, nítorí pé ó fúyẹ́ ju ọkọ̀ ojú irin ńlá lọ. Lédè Fínlándì, pikaratikka ni, ọkọ̀ ojú irin ìgboro tó ń yára. Àwọn kan wo ìwọ̀n rẹ̀, àwọn kan wo ìyára rẹ̀. Ẹni tó bá fi kevyt túmọ̀ rẹ̀ yóò rìn títí, kò ní rí ibùdókọ̀ tó ń wá.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ tọpa ọ̀rọ̀ dé orírun rẹ̀

Ọ̀rọ̀ kì í jókòó sójú kan lédè yìí. Ipò mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ọ̀rọ̀-orúkọ lè wà, ìdí rẹ̀ á sì máa yí padà. Fún ohun tí à ń ṣe yìí, mẹ́ta péré ni kí ẹ kọ́ há sórí fún ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan: valo, valon, valoa. Kevyt, kevyen, kevyttä. Vaalea, vaalean, vaaleaa. Tuli, tulen, tulta. Ẹ̀kẹta yẹn lẹ nílò lẹ́yìn "ei ole": ei ole tulta, ei ole sähköä. Bí ẹ bá rí "kevyeen" níbì kan, tí ìwé atúmọ̀ èdè ní òun kò mọ̀ ọ́n, kevyt lẹ ó lọ wò.

Ìdí tó fi jẹ́ valoa ṣùgbọ́n tó jẹ́ sähköä kì í ṣe àṣà lásán. A, o àti u kì í bá ä, ö àti y gbé nínú ọ̀rọ̀ ìpìlẹ̀ kan. Ọmọ Yorùbá kò yẹ kó bẹ̀rù èyí. Ewé wà, ẹsẹ̀ wà, àmọ́ a kì í da e àti ẹ pọ̀ nínú irú ọ̀rọ̀ kúkúrú bẹ́ẹ̀. Etí tí ẹ fi ń gbọ́ tiwa náà ni kí ẹ fi gbọ́ tiwọn.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó sọ ọ́

Ẹ ṣí Kielitoimiston sanakirja lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀fẹ́ ni, àjọ tó ń tọ́jú èdè orílẹ̀-èdè náà, Kotimaisten kielten keskus, ló ni í. Èdè Fínlándì nìkan ló wà nínú rẹ̀, ẹ má jẹ́ kó bà yín lẹ́rù. Ẹ fo àlàyé, ẹ lọ sí àwọn àpẹẹrẹ. Bí ẹ bá ń wá ọ̀rọ̀ fún àwọ̀ ṣẹ́ẹ̀tì, tó jẹ́ pé àpò àti ẹrù ló kún inú àpẹẹrẹ, ẹ ti ṣìnà. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọ̀rọ̀ tí ẹ mú wá Google láàárín àmì àyọlò pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e, kí ẹ rí i bóyá àwọn onílé ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mo tún máa ń gbọ́ ìròyìn selkosuomeksi, ìyẹn ìròyìn ní èdè Fínlándì tó rọrùn, lórí Yle, iléeṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ìjọba, nítorí pé wọ́n ń sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀, ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ sì máa ń wà nínú rẹ̀.

Ẹ wá gbìyànjú èyí. Gẹ̀ẹ́sì lè fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, "lighter", sọ ohun tó wà nínú gbólóhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí. Ẹ fi ọwọ́ bo ìdáhùn tó wà nísàlẹ̀ ná.

Láítà mi kò ṣáná mọ́.
Àpótí kejì fúyẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ.
Àwọ̀ kọ́tìnì yìí mọ́ ju tàná lọ.
Ìmọ́lẹ̀ ń wọ yàrá yìí ju tòdìkejì lọ.

Sytytin. Kevyempi. Vaaleampi. Valoisampi. Bí ẹ bá gba ti àkọ́kọ́, ẹ padà lọ wo ìgbésẹ̀ kẹrin: "sytytin" tó túmọ̀ sí láítà náà ni "sytytin" tó túmọ̀ sí pé mo tan iná. Ẹ lè sọ pé "Sytytin sytytti kynttilän", láítà tan àbẹ́là náà, gbogbo tábìlì ló máa yé.